Àga Háróòdù

Àlejò tó bá ti Òṣogbo wọlé kò lè mọ ibi tí Ìlobù parí sí tí Ìfọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ló ń tẹ̀ lé ilé, ṣọ́ọ̀bù ń tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀bù, eruku kan náà ló ń bà lé gbogbo rẹ̀. Àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ la mọ̀ ọ́n. Níbi tí mo wà yìí, ní ìlú olótùútù kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo máa ń di ojú mi nínú bọ́ọ̀sì, n ó sì máa rìn lọ lọ́kàn mi láti ẹnu ọ̀nà bàbá mi ní Ìlobù títí dé yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìfọ́n, níbi tí mo ti kọ́ fáólìnì. Kí bọ́ọ̀sì tó gbé mi dé ibi tí mo ń lọ, mo ti kí ìdajì àdúgbò tán.

Fáólìnì ni iṣẹ́ mi. Òun ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, òun náà ló gbé mi kúrò nílé. Ìyá mi àgbà kò fi orúkọ yẹn pè é títí tó fi lọ. Gòjé òyìnbó ló ń pè é. Bí mo bá ti gbé e jáde, á ní kí n jọ̀ọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí n má lé àwọn adìyẹ òun wọgbó.

Ẹni tó kọ́ mi ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Músíìkì. Ọmọ Ìfọ́n ni. Tíṣà ni láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì di atẹdùùrù lọ́jọ́ ìsinmi. Ibi tó ti rí àwọn fáólìnì tó ń kó lé wa lọ́wọ́, n kò mọ̀ ọ́n dòní. Òmíràn ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Bí okùn bá já, á tú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, á yọ ẹyọ kan nínú rẹ̀, á sì ta á síbẹ̀. Ohùn rẹ̀ le bí ohùn ẹni tó ń bínú, ṣùgbọ́n kì í já mọ́. Àmì orin tí wọ́n ń pè ní sọ́fà ló fi kọ́ wa. Bàbá á fi ṣọ́ọ̀kì kọ orin sára pátákó, dò, rè, mí, láti òkè dé ìsàlẹ̀, pátákó kan ṣoṣo fún gbogbo wa, a ó sì máa wò ó bí a ti ń fa fáólìnì.

Ìjókòó wa ní ètò tirẹ̀. Àwọn àgbà ló ń wà níwájú: Bàbá Díkìnnì tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìyá kan tó jẹ́ tíṣà àgbà, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwa ọmọdé wà lẹ́yìn. Èmi tí mo kéré jù, ògiri ni mo fẹ̀yìn tì. Nígbà tó yá, mo ń fà á ju gbogbo àwọn tó wà níwájú lọ, àwọn náà sì mọ̀, síbẹ̀ ìdí ògiri ni mo wà. Kò dùn mí rárá. Ta ni yóò bọ́ síwájú Bàbá Díkìnnì? Mo gbà pé bí Bàbá Músíìkì ṣe ń kọ́ wa ní orin náà ló ń kọ́ wa ní ìwà.

Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá tún dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì, ọ̀nà á dí. Ìyá mi á ní n kò gbọdọ̀ kọjá ìgànná wa. N ó wá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, n ó máa fa èyí tí mo bá rántí, n ó sì máa wo apá ibi tí Ìfọ́n wà bí ẹni pé wọ́n lè gbọ́ mi. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, Bàbá Músíìkì ló máa ń kọ́kọ́ rékọjá wá. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, á kí bàbá mi pẹ́, á béèrè ìyá mi, á béèrè ilé, á béèrè ọ̀nà, á béèrè àlàáfíà àwọn adìyẹ pàápàá. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó máa yíjú sí mi, á gbé ọwọ́ òsì mi sókè, á wo orí ìka mi.

"Ìwọ ọmọ Ìlobù yìí. Ṣé wàhálà ló ní kí o má gé èékánná rẹ?"

Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, ìyá mi á gbé àga jáde fún un. Ohun tí mo fi mọ̀ pé àlàáfíà ti dé nìyẹn.

N kò ní fi ìrìn àjò mi dá yín dúró. Gbogbo ẹni tó dé ìlú òyìnbó ló ní tirẹ̀ láti sọ, wọ́n sì jọ ara wọn. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́. Mo pàdé ọkùnrin kan lórí àtẹ̀gùn ilé tí mo ń gbé, mo kí i. Mo béèrè bó ṣe sùn, mo béèrè ìyàwó rẹ̀, mo béèrè iṣẹ́. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ń dúró kí n kọjá lọ.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń wọ aṣọ fún wọn, mo ń ti àga wọn lọ sídìí fèrèsé. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó tó ìyá mi í bí. Mo pè é ní Màmá. Ó ní òun kọ́ lòun bí mi, Dórísì lorúkọ òun. Mo gbìyànjú rẹ̀. Orúkọ náà há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mo wá ń wúkọ́ tí mo bá fẹ́ kó wò mí, títí ó fi sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n bá ọmọ Áfíríkà yẹn wá oògùn, ikọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ ìsinmi ni mo máa ń pe ìyá mi. Ìbéèrè rẹ̀ kì í yí pa dà: ṣé mo ti jẹun, ṣé mo wọ nǹkan sọ́rùn, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí n fa gòjé mi. Mo ń sọ fún un pé wọ́n ń jẹ́ kí n fà á. N kò sọ pé aṣọ inura ni mo fi ń bo ilẹ̀kùn kí ọkùnrin orí àtẹ̀gùn má baà gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ mo máa ń gbọ́ àkùkọ, mo máa ń gbọ́ ẹni tó ń fọ abọ́, mo sì máa ń fẹ́ kí ó má tíì sọ pé ó dàárọ̀. Ẹni tó wà nílé kì í mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òun nìkan ni ẹni tó wà lókèèrè ń gbọ́. Ariwo ilé pàápàá ni mo ń pè.

Dórísì ló jẹ́ kí nǹkan yí pa dà. Ó gbọ́ pé mo ní fáólìnì, ó ní kí n mú un wá. Mo fa orin ìsìn kan fún wọn nínú pálọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀, ó sì ní òun fẹ́ kọ́ ọ. Bí mo ṣe di olùkọ́ nìyẹn. N kò mọ ọ̀nà mìíràn láti kọ́ ènìyàn ju èyí tí wọ́n fi kọ́ mi lọ, nítorí náà mo ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ọ́, dò, rè, mí, kó tó fọwọ́ kan okùn. Ìyá rẹ̀ rò pé eré ni mò ń fi í ṣe. Nígbà tó yá, ọmọ náà ń gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ bí ohùn bá yẹ̀. Ìyá mìíràn mú tirẹ̀ wá, òmíràn tẹ̀ lé e. Ilé ẹ̀kọ́ orin kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ wọn bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gbé kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ́jú sílẹ̀, Dórísì fọwọ́ gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́ díẹ̀, ó ní kí n pe orúkọ òun. Mo pè é. Ó ní ó tó àkókò.

Ẹ̀yìn èyí ni mo wọ ọkẹ́sítírà ìlú náà. Wọ́n fi mí sí àga tó kẹ́yìn pátápátá, ara mi sì balẹ̀. Mo mọ ibẹ̀. Iwájú ìlà wa ni bàbá kan tó ń jẹ́ Háróòdù wà, onírun funfun, ẹni tó ti wà ní àga náà láti ìgbà tí n kò tíì mọ̀ pé fáólìnì wà láyé. Òun ló ń darí ìlà náà. Bó bá gbé ọ̀pá tó fi ń fa fáólìnì sókè, gbogbo wa á gbé tiwa. N kì í bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń dìde bó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó rò pé mo fẹ́ràn kí n máa na ẹsẹ̀ ni.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n da ọkẹ́sítírà wa pọ̀ mọ́ òmíràn, wọ́n sì ní kí gbogbo àga iwájú di ohun tí a ó dán ara wa wò fún. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀ ló tì mí lọ. Wọ́n ta kọ́tìnì kí àwọn tó ń gbọ́ wa má baà rí wa, wọ́n sì ní ká bọ́ bàtà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìró ẹsẹ̀ dá wa mọ̀. Ti bàtà bíbọ́ kò ṣe mí ní nǹkan. Bí ẹni ń wọ pálọ̀ àgbà ni mo ṣe wọlé. Mo fà á. Èmi ni wọ́n mú.

Ṣùgbọ́n àga náà kò tíì di tèmi. Wọ́n á wò mí títí di òpin sáà orin, àwọn tí a jọ wà ní ìlà yẹn ló sì máa sọ bóyá kí n dúró tàbí kí n máa lọ. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àga ẹ̀yìn mi. Ìwé ìgbélùú mi so mọ́ iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ní n kò lè darí, mo ti tán níbẹ̀ nìyẹn. Fáólìnì tó gbé mi kúrò ní Ìlobù, ọwọ́ òfo ni yóò fi dá mi pa dà.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ṣe ìdánrawò, Háróòdù ti dé ṣáájú mi. Ó ti jókòó sí àga kejì, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti iwájú, níbi tí ẹni tó ń ṣí ìwé orin máa ń wà. Ó ń tún okùn rẹ̀ ṣe. Àga tó ti fi ìdí rẹ̀ dán ṣófo, ó ń dúró dè mí. Mo dé ibẹ̀. Gbogbo ènìyàn ti jókòó, mo ṣì wà lórí ìdúró. Mo tẹrí ba díẹ̀, mo sì sọ fún un, tí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́, pé kó jọ̀ọ́ kó pa dà sí àga rẹ̀, èmi á bá a ṣí ìwé.

Ó wò mí. Ó dẹ irun ọ̀pá fáólìnì rẹ̀, ó gbé fáólìnì sínú àpótí, ó pa á dé, ó sì jáde lọ. Kò gbá ilẹ̀kùn. Ì bá sàn kó gbá a.

Olùdarí gbogbo ọkẹ́sítírà, obìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kò pariwo mọ́ mi. Ó dúró títí a fi parí, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"A kò fi àga yẹn ta ọ́ lọ́rẹ," ó ní, "kí ìwọ náà máa fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ."

Ó ní òun kò mọ̀ bóyá Háróòdù yóò pa dà wá. Ó tún ní bí mo bá ń wá ẹni tí yóò bá mi darí, kí n tètè sọ, kí òun lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn.

Bàbá Músíìkì ni mo pè. Òṣogbo ló wà báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Wàhálà tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ló lé e kúrò nílé. Kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí mo bá béèrè Ìfọ́n, á ní ilé wà níbi tó wà, á sì yí i sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo máa ń ronú pé àjò ni èmi fi ẹsẹ̀ ara mi wá. Òun jókòó sílé, àjò wá bá a. Àwa méjèèjì ló ń rìn lọ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lọ́kàn wa, láti ibi tó jìnnà síra.

Mo rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rò pé á yìn mí. Mo ní mo rántí bó ṣe kọ́ wa, mo rántí Bàbá Díkìnnì níwájú, mo ní n kò lè gbàgbé ilé.  Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo gbọ́, ẹ̀rín náà di ikọ́, ọmọ rẹ̀ sì ń béèrè lẹ́yìn pé kí ló dé.

"Ta ló sọ fún ọ pé torí ọ̀wọ̀ ni?"

Mo ní, "Bàbá?"

"Ojú wọn ni. Wọn kò ríran mọ́, ọmọ yìí. Pátákó kan ni mo ní. Bí mo bá gbé Bàbá Díkìnnì sẹ́yìn, ibi tí mo kọ mí sí, dò ni yóò fà."

 Mo béèrè pé kí ló dé tó fi fi èmi sídìí ògiri nígbà náà.

"Kí ohùn rẹ lè gbá ògiri kó bá wọn. Etí ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé ọ. Ìwọ lo ń darí wọn, gbogbo wọn ló sì mọ̀."

"Ẹ kò sọ fún mi, sà."

"Ẹ̀yin ọmọ Ìlobù? Bí a bá sọ fún yín, ẹ ó wú." Ó tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọ̀. "Lọ bá bàbá òyìnbó yẹn nílé rẹ̀. Má kí i jù."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo lọ. Háróòdù fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó gbé tíì fún mi, ó jókòó, mo sì ní mo wá bẹ̀ ẹ́. Ó gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń dìde fún òun nínú bọ́ọ̀sì ni mo ṣe dìde fún òun. Ó ní lọ́jọ́ kọ́tìnì, òun fà á dáadáa, ó pẹ́ tí òun ti fà á bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà òun jókòó sí yàrá ẹ̀gbẹ́, òun gbọ́ ẹnìkan tó fà á ju òun lọ.

"Mo lè gbé ìyẹn lọ sílé," ó ní. "Ẹni tó dára jù mí ló gbà á. Ìwọ wá sọ ọ́ di àánú."

Mo sọ ti Ìfọ́n fún un. Mo sọ ti pátákó, ti ojú Bàbá Díkìnnì, ti ìdí ògiri tí mo ti ń darí àwọn àgbà láìmọ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi. Nígbà tí mo dé orí wáyà bíréèkì, ó ní kí n dúró, ó béèrè irú kẹ̀kẹ́ wo ni, ó béèrè bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Mo fi ẹnu ṣe é fún un. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. 

"N ó wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe àṣìṣe, kí o sọ ọ́ sókè, bí o ṣe máa sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí o kò bá lè sọ ọ́, àga náà kò yẹ ọ́, èmi ni n ó sì kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Ẹni tó bá ti ilé irú wa wá yóò mọ ohun tó ní kí n ṣe. Ọkùnrin náà ju bàbá mi lọ. Bàbá mi, bí ó bá fẹ́ sọ fún ẹni tó jù ú lọ pé iyọ̀ ti pọ̀ nínú ọbẹ̀, á kọ́kọ́ mu omi ni, á sì máa wo òkè àjà. Ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti lò níbí, mo rò pé ohun tó kù tí n kò tíì kọ́ kò ju òtútù àti oúnjẹ lọ. Mo ti ń mọ ògiri yí ara mi ká láìmọ̀: mò ń gbé láàárín wọn, mò ń kọ́ ọmọ wọn, ṣùgbọ́n n kò tíì fi ohun kan dí ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́nà rí. Àlejò ni kì í bá onílé wí.

Ọjọ́ náà pé. Háróòdù dé, ó jókòó sí àga kejì. Mo jókòó sí ti iwájú. Irun ara mi dìde, ṣùgbọ́n mo jókòó. A bẹ̀rẹ̀. Ibì kan wà nínú orin náà tí ìlà wa máa ń dákẹ́, tí a ó ka á lọ́kàn, tí a ó sì wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni pé a ti wà níbẹ̀ látilẹ̀. Háróòdù wọlé ṣáájú mi. Mo gbọ́ ọ, àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ ọ. Mo ń bá orin lọ. Ó ṣí ìwé fún mi, ó rọra ṣí i, ojú rẹ̀ kò sí lára ìwé.

Olùdarí dá wa pa dà sí ibẹ̀ nítorí àwọn afọnfèrè. A tún dé ibi ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó tún ṣáájú mi wọlé. Mo gbé ọ̀pá mi sókè láti dá wa dúró. Ìlà wa dákẹ́, ti ẹ̀gbẹ́ wa dákẹ́, olùdarí sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò mí.

"Háróòdù, ẹ ti tètè wọlé," mo ní. "Ẹ dúró dè mí."

Ohùn mi kò ga, ṣùgbọ́n ó dé ẹ̀yìn. Ojú mi gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Háróòdù na ọwọ́, ó mú pẹ́ńsù tó wà lórí irin tí a gbé ìwé orin lé, ó sàmì sí ibẹ̀, ó dá pẹ́ńsù pa dà.

"Láti ibo?" ó ní.

Mo sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ fún un. Ó gbé fáólìnì sí èjìká, gbogbo ìlà gbé tiwọn. A dé ibi ìdákẹ́jẹ́ náà. Mo fa èémí sínú, mo gbọ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a sì wọlé pọ̀.